Nọ́ọ̀sì ojú: ṣé ó tọ́ kí ọmọ padà lọ kọ́ ọ?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Zawan àti Bukuru. Admin yín ni. Ìyá kan nínú wa bi mí pé ọmọ òun tó ti jáde nọ́ọ̀sì tún fẹ́ lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ojú, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ fi owó ṣòfò? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn fún gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì ojú ti kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, kó tó tún lọ lo nǹkan bí ọdún kan lórí ojú nìkan. Wọ́n ń kọ́ ọ ní National Eye Centre, Kaduna níbí. Òun ló ń yẹ̀ wá wò bóyá a ń ríran dáadáa, òun ló ń fi ẹ̀rọ wọn bí omi inú ojú ṣe ń tì í sí, òun náà ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń kán oògùn sójú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Gúlákómà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran bọ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Ti kátáráàtì, tí àwọn Hausa ń pè ní yanar ido, yàtọ̀: iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran padà. Àmọ́ ẹ sá fún àwọn tó ń kiri, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun ojú wọnú. Èèyàn lè ríran díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ojú wá fọ́ pátápátá lẹ́yìn náà.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 afọ́jú tó ti pé 40 ọdún sókè, bí 84 ni kò yẹ kó fọ́jú. Dókítà ojú kò kárí. Ní Gambia, láti 1986 ni wọ́n ti ń kó nọ́ọ̀sì ojú lọ sí ìgbèríko, wọ́n tiẹ̀ kọ́ àwọn kan ní iṣẹ́ abẹ kátáráàtì. Nínú 10,000 èèyàn, 70 ló fọ́jú nígbà yẹn. Ní 1996, ó ti wálẹ̀ sí 42.

Nítorí náà, Mama, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó kàn kọ́kọ́ bi ibi iṣẹ́ ẹ̀ bóyá ẹ̀ka ojú ni wọ́n máa fi í sí tó bá dé, kí wọ́n má lọ gbé e sí wọ́ọ̀dù míì, kí ẹ̀kọ́ náà má baà ṣòfò.

Àwa tá a ti lé ní 40, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ ò bá rí owó kà mọ́. JUTH ní ẹ̀ka ojú. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjà á tà o.