Ìrora Iwájú Orúnkún Lára Ọmọ tí Ń Dàgbà

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 10 sí 15 a máa ráhùn pé iwájú orúnkún ń dun àwọn. Òbí kan a ní ọ̀lẹ ni, oko ni kò fẹ́ lọ. Òmíràn a ní ara tí ń dàgbà ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè ṣìnà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ni pé kí ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn ún.

Bí ìka rẹ̀ bá dúró lórí kókó egungun tí ó wà ní òkè ojúgun, tí ibẹ̀ wú, tí ó sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ àrùn tí a fi orúkọ oníṣègùn méjì pè: Osgood ará Amẹ́ríkà àti Schlatter ará Switzerland, tí olúkúlùkù wọn kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1903. Ibẹ̀ ni iṣan tí ó ti iwájú itan wá lẹ̀ mọ́ egungun. Nígbà tí ọmọ ń yára ga, egungun ibẹ̀ kò tíì le tán. Eré sísá, fífò àti bọ́ọ̀lù gbígbá a sì máa mú kí iṣan náà fà á ní àfàjù. Kì í ṣe àrùn tí ń pa ni. Kí a dín eré náà kù, kí a máa fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e. Kí a má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. Kí àwọn àgbà má sì kà á sí àfojúdi bí ọmọ náà kò bá lè kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí ó bá dàgbà tán, ìrora náà a lọ, bí kókó náà tilẹ̀ kù.

Bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo iwájú orúnkún, tí ó sì ń dùn ún bí ó bá gun àtẹ̀gùn, tàbí bí ó bá lóṣòó, tàbí bí ó bá jókòó pẹ́, ó lè jẹ́ pé egungun pẹlẹbẹ tí ó bo orúnkún ni iṣẹ́ pọ̀jù fún. Fífún ẹran itan àti ti ìdí lókun díẹ̀díẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: orúnkún lè máa dun ọmọ, kí ó sì jẹ́ pé ìbàdí ni àrùn wà. Ní ọjọ́ orí yìí kan náà, orí egungun itan lè máa yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ọmọ náà a máa tiro, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kọjú síta. Kí ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, kí a rọra ká orúnkún rẹ̀ sókè síhà àyà. Bí ẹsẹ̀ náà bá ń yí síta fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe fi tẹlẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fà á. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a bẹ dókítà pé kí ó ya àwòrán egungun ìbàdí pẹ̀lú ti orúnkún. Bí a bá fi falẹ̀, ọmọ náà lè yarọ títí ayé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a má ṣe dúró bí orúnkún bá wú tí ó sì gbóná, bí ibà bá wà, bí ìrora bá ń jí ọmọ lóru, bí ó bá ń rù, tàbí bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ ọyún inú egungun, tí ó tètè ń mú ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, tàbí kí ó jẹ́ jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ tọ́ka sí, kí ẹ sì wo ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú.