Kòkó Ilẹ̀ Yorùbá àti Ìbéèrè Mẹ́ta Àwọn Òǹrajà Òkè Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá yí padà, kí ijó yí padà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìtàn irè oko tí ilẹ̀ Yorùbá ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn tí ń lu ìlù náà kò sí nítòsí rárá, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn wọn bá fà sí ni àgbẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ ṣán oko.

Epo pupa ni ó kọ́kọ́ rọ́pò òwò ẹrú. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ lára. Nígbà tí epo inú ilẹ̀ dé, tí ọ̀rá láti ibòmíràn sì pọ̀ lọ́jà, owó epo pupa já wálẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1880. Ní nǹkan bí àkókò yìí kan náà ni Kápútẹ́nì J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, ń gbin kòkó ní Ìjàn lẹ́bàá Agége. Àwọn tí wọ́n wá ṣe lébìrà ní àwọn oko Agége kó irúgbìn padà lọ sí ìlú wọn, kòkó sì gbilẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ni òǹrajà òkè òkun ti bi àgbẹ̀ kòkó.

Ìkíní ni pé: Mélòó ni? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ṣokoléètì, tí í ṣe oúnjẹ ọlọ́rọ̀ tẹ́lẹ̀, di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà fún ọmọ rẹ̀. Bí ẹnu tí ń jẹ ẹ́ ti ń pọ̀ ní òkè òkun ni igi kòkó ń pọ̀ nínú igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó.

Ìkejì ni pé: Báwo ni ó ti rí? Kòkó tí wọn kò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún bí ọjọ́ mẹ́fà kò ní adùn. Èyí tí kò gbẹ dáadáa yóò bu. Nítorí náà ni ìjọba ṣe yan àwọn tí ń la hóró kòkó wò, tí wọ́n sì ń pín in sí ipò-ipò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947 ni ó ń ra gbogbo rẹ̀. Èrè rẹ̀ ran ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 lọ́wọ́, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965 sì ń jẹ́rìí sí ọrọ̀ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí òkè òkun san ni ó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó bí rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969. Nígbà tí ìjọba tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, owó tí ó kan àgbẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó lówó lè ra kòkó, tútù àti gbígbẹ, sínú àpò kan náà. Orúkọ rere kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ díẹ̀.

Ìkẹta, èyí tí ó le jù, ni pé: Níbo ni ó ti wá? Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó bá ti inú ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2020, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e. Olùtajà gbọ́dọ̀ fi ojú ibi tí oko wà gan-an hàn. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo ààlà rẹ̀ hàn. Ibí yìí ni ìṣòro wà. Àgbẹ̀ Ìdànrè lè ní àpò méjì péré. Alágbàtà abúlé yóò dà á pọ̀ mọ́ ti ogún ẹlòmíràn, ti onílé ìkẹ́rù nílùú yóò sì tún dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gbin tirẹ̀ sínú igbó ọba, bí irú èyí tí ó wà ní Ọmọ tàbí Olúwa, gbogbo ẹrù náà di èyí tí wọn kò lè rà. Ẹni tí ó jogún oko lọ́wọ́ baba rẹ̀, tí kò bẹ́ igi igbó kan, yóò jìyà ẹlẹ́ṣẹ̀.

Owó gọbọi pàápàá kò lè wo ọgbẹ́ yìí. Ní 2024, nígbà tí òjò àti àrùn ba kòkó Gánà àti Ivory Coast jẹ́, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n sì fi ọ̀rá mìíràn lú u. Ní 2025 owó náà já wálẹ̀. Ẹni tí ń jẹ nǹkan lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n igi kòkó ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so.

Kí ni ṣíṣe? Ìbéèrè kẹta lè di àǹfààní fún àgbẹ̀, bí ìdáhùn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé alágbàtà nìkan ni ó wọn oko náà, tí ó sì pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ kò ní lè tà fún ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé bá rán àwọn ọmọ wọn tí wọ́n mọ̀wé láti fi fóònù wọn ààlà oko kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń di kòkó wọn lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ náà ni yóò mú ìdáhùn lọ sọ́jà. Ẹni tí ó bá mọ ààlà oko rẹ̀, tí ó sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ni yóò lè ná ọjà.