Ilé-Ifẹ̀ Àtijọ́: Ilẹ̀ Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Inú igbó kìjikìji, láàárín àwọn òkè tó yí i ká, ni wọ́n tẹ Ilé-Ifẹ̀ dó sí. Omi wà níbẹ̀, ilẹ̀ lọ́ràá, igi ìdáná sì pọ̀. Ènìyàn sì ti pẹ́ ní agbègbè igbó yìí: egungun tí wọ́n hú ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, lọ́dún 1965, ti lé ní 11,000 ọdún.

Láàárín ọdún 1000 sí 1400 ni Ifẹ̀ gbilẹ̀ jù. Àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Wọn a tò ó ní ìdúró, etí rẹ̀ sókè, kí ẹsẹ̀ má baà rún un. Ní Igbó Olókun, wọ́n ń yọ́ yanrìn nínú ìkòkò amọ̀ títí yóò fi di gíláàsì, wọn a sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí níbẹ̀ lé ní 12,000. Irú gíláàsì náà ti jáde ní Gao, lọ́hùn-ún ní Mali.

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó ní àwọn Gíríìkì tó ti Atlantis, erékùṣù inú àlọ́ wọn, wá ló ni iṣẹ́ ọnà tó rí níbẹ̀, pé Poseidon, òrìṣà òkun wọn, ni Olókun. Ìsọkúsọ gbáà! Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ. Ilà tín-ín-rín tó wà lójú púpọ̀ nínú wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn orí amọ̀ tó kún ilẹ̀ Ifẹ̀: ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ṣe méjèèjì.