Eat Bulaga: Ètò ọ̀sán gangan tí orúkọ rẹ̀ di ẹjọ́ ní Fílípìnì

Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, àwọn ará Fílípìnì tan tẹlifíṣọ̀n wọn lọ́sàn-án bí ìṣe wọn. Ètò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n bá níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn atọ́kùn mẹ́ta tí wọ́n ń retí, Tito Sotto, Vic Sotto àti Joey de Leon, ti wá dágbére fún wọn. Wọ́n ní wọn ò gba àwọn láyè láti ṣe ètò ọjọ́ náà, àwọn sì ti kúrò ní TAPE, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ètò náà jáde nígbà náà. Oṣù méjì péré ló kù kí Eat Bulaga pé ọdún 44.

Ìbéèrè kan ló gba ẹnu gbogbo èèyàn: ta ló ni Eat Bulaga?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 1979 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n RPN 9. Nígbà náà, Student Canteen, ètò ọ̀sán mìíràn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958, ló ń jọba lọ́sàn-án.

Joey de Leon ló sọ ọmọ tuntun náà lórúkọ. Bí àwọn ará Fílípìnì bá ń bá ìkókó ṣeré, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á ní “it”, wọ́n á wá ṣíjú lójijì: “bulaga!” Joey fi “eat”, ìyẹn “jẹun” lédè Gẹ̀ẹ́sì, rọ́pò “it”, nítorí pé àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni ètò náà. Oúnjẹ àti ìyàlẹ́nu: ohun tí wọ́n fẹ́ fún olùwòran ti pé sínú orúkọ.

Ohun tó mú un pẹ́

Lọ́dún 1982, Coney Reyes, gbajúmọ̀ atọ́kùn Student Canteen, kọjá sí Eat Bulaga. Ètò náà kó lọ sí ABS-CBN lọ́dún 1989, ó sì kó dé GMA lọ́dún 1995. Àwọn olùwòran ń tẹ̀ lé e káàkiri. Tito di sẹ́nétọ̀ lọ́dún 1992, síbẹ̀ kò fi ètò sílẹ̀.

Orin, ijó, àwàdà àti ìdíje ló wà níbẹ̀, àmọ́ abala tí mo rò pé ó wọ àwọn èèyàn lára jù ni èyí tí àwọn atọ́kùn fi ń wọ àdúgbò lọ. Wọ́n á wọ ilé tálákà kan, wọ́n á gbọ́ ìtàn ìdílé náà, wọ́n á sì fún wọn lówó àti ẹ̀bùn.

Lọ́dún 2015, Alden Richards àti Maine Mendoza bẹ̀rẹ̀ eré ìfẹ́ kan nínú ètò náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń ríra, wọn kò gbọdọ̀ pàdé. Nígbà tí wọ́n máa pàdé lóṣù Kẹwàá, gbọ̀ngàn Philippine Arena kún fọ́fọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí Twitter nípa rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 41. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí kíkọ́ ilé ìkàwé fún àwọn ilé ìwé.

Ilé ẹjọ́ dájọ́

Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta náà kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò lórí TV5 ní oṣù Keje, ọdún 2023. Wọn ò lè pè é ní Eat Bulaga, torí TAPE ti forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ń lò ó nìṣó lórí GMA. Ní oṣù Kejìlá, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ ní kí wọ́n fagi lé ìforúkọsílẹ̀ náà. Lóṣù Kìíní ọdún 2024, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kan ní Marikina jáde: àwọn atọ́kùn ló ni iṣẹ́ ọpọlọ wọn.

Lọ́jọ́ 6 oṣù náà, TV5 tún kéde Eat Bulaga. Ètò TAPE gba orúkọ mìíràn, ó sì kógbá sílé lóṣù Kẹta.

Ilé-iṣẹ́ lè ní kámẹ́rà, kó ní gbọ̀ngàn, kó sì máa san owó oṣù. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó bí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ má dúró di ọdún kẹrìnlélógójì.