Ọdún ìgbéyàwó lókè òkun láìmú ọmọ dání: ibi tí owó ti ń já tọkọtaya jù sílẹ̀

Bí tọkọtaya kan l'Àkúrẹ́ bá pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ohun tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ máa ń retí kò lọ títí: ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kánópì níwájú ilé, ìrẹsì àti ẹran, kí onílù sì máa ki bàbá ìyàwó. Wọ́n á náwó, wọ́n á jẹ gbèsè díẹ̀, tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ àwọn kan ti ń sọ báyìí pé dípò kí àwọn fi owó náà bọ́ igba èèyàn, àwọn méjèèjì nìkan làwọn máa fi jáde kúrò ní Nàìjíríà fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìyá àgbà bá àwọn tọ́jú àwọn ọmọ títí àwọn á fi dé. Ẹbí á kùn pé wọ́n fẹ́ dá jẹ ni. Kí wọ́n máa kùn, ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ni owó ń já jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé wọn ò tọ́jú owó o. Owó tí wọ́n tọ́jú ló ń yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ká sọ pé ọkọ jẹ́ olùkọ́, ìyàwó ń ta aṣọ l'Ọjà Ọba, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, owó wọn ti pé ₦920,000. Nígbà yẹn, nǹkan bí ₦460 ni ìjọba ń pe dọ́là kan, bí wọ́n bá sì ṣírò ó báyẹn, ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ni wọ́n ní lọ́wọ́. (Iye ti ìjọba nìyẹn o. Ẹni tó bá lọ ra dọ́là lọ́wọ́ àwọn abókí lójú títì nígbà náà mọ̀ pé ó ti lé ní ₦700.) Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, tú okùn náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ₦920,000 yẹn ní ₦1,535, kò tó $600 geere mọ́. Ẹnikẹ́ni kò jí owó wọn, alájẹṣẹ́kù kò sì rẹ́ wọn jẹ. Náírà ni wọ́n fi ń tọ́jú owó, dọ́là sì ni wọ́n fi ń díye lé ohun tí wọ́n fẹ́ rà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti owó físà, owó ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn, kódà bí ẹni tó ń tà á bá gba náírà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà rí i fún ara wọn láàrin ọdún 2022 sí 2023, nígbà tí wọ́n gba náírà lọ́wọ́ èrò ṣùgbọ́n tí wọn kò rí dọ́là tí wọ́n máa fi kó èrè wọn lọ sílé. Emirates tìtorí ẹ̀ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní ọdún 2022, kò sì padà sí Èkó títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí owó bá há báyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Àwọn kan á ní kí tọkọtaya yìí yáa ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì, kí wọ́n máa rà á díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe rò pé dọ́là kì í wálẹ̀. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù kó gbogbo owó rẹ̀ ra dọ́là ní ohun tó lé ní ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024, tí ó wá rí i ní nǹkan bí ₦1,200 ní oṣù kẹrin, kò lè gbàgbé oṣù méjì yẹn. Ìdí nìyẹn tí rírà á ní díẹ̀díẹ̀ fi sàn ju kí èèyàn kó gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ohun tí wọ́n lè fi náírà rà, kí wọ́n tètè rà á. Ìwé ìrìnnà ló ṣáájú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba gbé èyí tó ní ojú ewé 32, tó ń lo ọdún márùn-ún, lọ sí ₦100,000, ti ojú ewé 64, tó ń lo ọdún mẹ́wàá, di ₦200,000. Ọdún kan péré ṣáájú, ìdajì iye yìí ni. Fún tọkọtaya wa, ₦200,000 ni ìwé ìrìnnà méjì tó kéré jù. Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, ó di ₦500,000 kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ rárá, ọmọ tó bá sì ti pé ọdún 12, owó àgbàlagbà ló ń san fún ìjókòó ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ń sọ pé fífi ọmọ sílẹ̀ nílé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan, kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Tí wọ́n bá wá ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn fẹ́ lọ ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà lọ sí £127 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn méjì, £254, ìyẹn lé ní ìdajì mílíọ̀nù náírà ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn lọ́dún náà. Físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ Faransé, Ítálì àti àwọn ará ibẹ̀ yòókù, di €90 ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Bí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn, wọn kì í dá owó yìí padà. Ohun tí wọ́n sì ń wò níbẹ̀ ni bóyá ẹni náà máa padà sílé: iṣẹ́ tó ní, owó tó ń wọ àkáǹtì rẹ̀, àti ẹbí tó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkè òkun kò túmọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ohun tí wọ́n ní kó mú dání ni ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára àti ìwé àjẹsára. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni àjẹsára náà, èyí tí káàdì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò káàdì lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí èèyàn tó rìn, àti láti ọdún 2016 sì ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Kí wọ́n lọ gbà á. Èyí tí wọ́n ń tà láìgún abẹ́rẹ́ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ibà.

Olùkọ́ àti oníṣòwò yìí lè kúrò l'Àkúrẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n gba ọ̀nà Oǹdó já sí Ọ̀rẹ̀, kí wọ́n sì já àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà l'Oǹdó bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọ́n á sun Èkó. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á gba Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ni olú ìlú ibẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá kò ní sọnù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kétu, Sakété àti Pobè. Lẹ́bàá Kùtọ́nù, wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó láàrin ọ̀sà Nokoué. Bí owó bá ṣì wà, Lomé ń bẹ níwájú, tó fara kan ẹnubodè Gánà gan-an. Kí wọ́n rántí pé aago Kùtọ́nù bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ti Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rò pé owó Kùtọ́nù kéré. Ìyẹn ti kọjá. Owó sẹ́fà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, ara yúrò ni wọ́n so ó mọ́: sẹ́fà 655.957 ló ń ṣe yúrò kan, kò sì yí padà láti ọdún 1999. Nítorí náà, bí náírà bá ṣubú níwájú yúrò, ó ti ṣubú níwájú sẹ́fà nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ẹnubodè wa níbí ni wọ́n ti ń ná an. Ní òpin ọdún 2024 tí yúrò kan súnmọ́ ₦1,600, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ti tó nǹkan bí ₦2,400. Ìgò omi tí èèyàn ń rà láìronú tẹ́lẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń ṣírò.

Gánà kò rọrùn láti sọ tẹ́lẹ̀ náà. Ẹni tó ṣètò ìrìn rẹ̀ sí Accra nígbà tí sídì ń rọ̀ ní ọdún 2024, tó wá débẹ̀ ní àárín ọdún 2025, bá a pé sídì ti le sí i gidigidi níwájú dọ́là. Síbẹ̀, ibẹ̀ dùn fún èèyàn méjì: wákàtí kan péré ni ọkọ̀ òfurufú láti Èkó, afárá okùn tí wọ́n so mọ́ orí igi ní igbó Kakum kò jìnnà sí Cape Coast, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé owó òtẹ́ẹ̀lì.

Lórí owó tí wọ́n máa mú dání, báńkì lè ta owó ìrìnàjò fún àgbàlagbà, òté tí CBN sì ṣe ni $4,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n á bèèrè ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀, nítorí náà ẹni tó ń gba ojú títì lọ kì í sábà rí i lò. Ní oṣù kejì ọdún 2024, CBN tún pàṣẹ pé kí báńkì má kó o fún èèyàn lówó mọ́, orí káàdì ni kí wọ́n máa san án sí. Káàdì náírà lásán ni kí wọ́n má gbójú lé: ọ̀pọ̀ báńkì dá a dúró lókè òkun ní òpin ọdún 2022, ọdún 2025 ni àwọn kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, pẹ̀lú òté iye tí èèyàn lè ná. Kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó kúrò l'Àkúrẹ́.

Ní Sẹ̀mẹ̀, kí wọ́n rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé wọn nígbà tí wọ́n ń jáde àti nígbà tí wọ́n ń wọlé, kí wọ́n má sì fi owó sáàárín ìwé ìrìnnà. Ewu kan tún wà tí kò sí nínú ìṣirò kankan: ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa láìròtẹ́lẹ̀, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó tún ṣí Sẹ̀mẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í dá padà, kí wọ́n má ṣe tètè san án.

Ó ku ilé. Ọjọ́ márùn-ún tí ṣọ́ọ̀bù á fi wà ní títì pa, owó ìrìnàjò ni, kí ìyàwó kọ èrè ọjọ́ márùn-ún sínú ìwé náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti lọ ní ìtòsí Kérésìmesì tí ọjà ń tà, tí tíkẹ́ẹ̀tì náà sì wọ́n jù. Ìsinmi àárín sáà dára fún olùkọ́, àwọn ọmọ kò sì ní pa ilé ìwé jẹ l'Oǹdó. Kí wọ́n fi owó oúnjẹ sílẹ̀, owó ilé ìwòsàn lọ́tọ̀, káàdì ìwòsàn àwọn ọmọ, àti nọ́ńbà aládùúgbò kan tó ní mọ́tò. Màmá kò ní gba owó ọ̀yà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ṣùgbọ́n àǹkárá Kùtọ́nù kan wà tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹnubodè, èyí tí wọ́n máa sáré rà l'Ọjà Ọba láti fi rọ́pò ẹ̀ á wọ́n jù ú lọ, màmá á sì mọ̀.