Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìbòrí

Bí yẹtí tí wọ́n fi wúrà bò bá dúdú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹni tó rà á yóò ní ayédèrú wúrà ni wọ́n tà fún òun. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Wúrà ojú rẹ̀ lè jẹ́ ojúlówó, kó jẹ́ pé bàbà inú idẹ tó wà lábẹ́ ló rọra gba inú wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà yọ síta, tí afẹ́fẹ́ àti òógùn wá bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi níkẹ́ẹ̀lì bo idẹ kí wọ́n tó fi wúrà lé e, kí bàbà má baà rọ́nà gbà.

Iṣẹ́ fífi iná mànàmáná bo mẹ́táàlì kò ṣòro ṣàlàyé. A ó po iyọ̀ mẹ́táàlì mọ́ omi, a ó ri ohun tí a fẹ́ bò sínú rẹ̀, a ó sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétífù bátìrì. Mẹ́táàlì inú omi á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bó bá jẹ́ oríṣi méjì ló wà nínú omi, wọ́n lè jọ lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n di àdàlù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé omi yẹn àti agbára iná ló ń pinnu bí àdàlù náà yóò ṣe rí. Lójú tèmi, ohun tí a rì sínú omi ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìṣó irin tí a rì sínú omi aláwọ̀ búlúù tó ní iyọ̀ bàbà. Kí a tó so iná kankan mọ́ ọn, bàbà pupa ti bò ó, torí irin máa ń tètè yòrò, bàbà á sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka nù ún: á bó mọ́ yín lọ́wọ́. Alumíníọ́mù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ha ojú rẹ̀ mọ́ ni afẹ́fẹ́ ń fi awọ fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó, ìbòrí kì í sì í lẹ̀ mọ́ awọ yẹn dáadáa. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi síńkì rọ́pò awọ náà.

Lílẹ̀ nìkan kọ́ ni ohun tó wà lábẹ́ ń pinnu. Átọ́ọ̀mù inú mẹ́táàlì máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ìwọ̀n ẹyọ kan nínú ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe yìí jẹ́ 0.361 nánómítà nínú bàbà, ti níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ 0.352. Nítorí pé wọ́n súnmọ́ra, níkẹ́ẹ̀lì tó bọ́ sórí bàbà lè kọ́kọ́ tẹ̀ lé ètò tó bá níbẹ̀, bó tilẹ̀ ń fà á díẹ̀. Ti wúrà jẹ́ 0.408; àyè ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún níkẹ́ẹ̀lì. Gáàsì háídrójìn tí iná ń mú jáde látinú omi náà tún wà ńbẹ̀: ó máa ń tètè hó lójú platinum, ó sì máa ń lọ́ra lójú òjé. Bó bá ń hó, ó ń jẹ nínú iná náà, ó sì ń yí omi tó wà nítòsí padà, ìyẹn sì lè yí ìdá mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan nínú àdàlù.

Àwọn kan á ní bí ìbòrí bá ti nípọn, kò ní rántí ohun tó wà lábẹ́ mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀: bó bá ti nípọn tó, omi àti iná ló ń darí bí ó ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá máa bó, ibi tí méjèèjì ti pàdé ló sábà máa ń ti bó. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò gba ìbòrí nínípọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbé dísìkì ìpamọ́ ìsọfúnni 3370 jáde lọ́dún 1979, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti irin tí wọ́n fi iná mànàmáná bò wà nínú orí tó ń kà á, níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 80 nínú 100. Irú àdàlù yẹn kì í lẹ̀ sórí ohun tí iná kò lè gbà kọjá, nítorí náà wọ́n ní láti kọ́kọ́ tẹ́ ìpele mẹ́táàlì fẹ́lẹ́ kan síbẹ̀, bí ìpele yẹn bá sì ṣe rí ni agbára òòfà àdàlù náà máa ń tẹ̀ lé.

Ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú ìbòrí yìí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbada omi tó tò síbẹ̀, fífọ epo, fífi ásíìdì ha ojú mẹ́táàlì àti ṣíṣàn án ni wọ́n wà fún. Díẹ̀ ni wọ́n ń so iná mọ́ láti fi ṣe ìbòrí gan-an.