Òṣèlú Kọ́, Onímọ̀ Ìṣèlú Ni: Iṣẹ́ Ẹni Tó Ń Tọpa Owó Ìlú

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ìmọ̀ ìṣèlú ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ kò ṣòro láti mọ̀: “Ṣé o fẹ́ di alága káńsù ni?” Bí ó bá ní rárá, pé ṣe ni òun fẹ́ máa ṣe ìwádìí nípa bí àwọn olóṣèlú ṣe ń náwó ìlú, nípa àwọn tó ń yọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, àti nípa bí rìbá ṣe ń yí òfin padà, ìbéèrè kejì a tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ: “Ta ni yóò san owó oṣù rẹ?”

Kò yẹ kí a fi ìbéèrè méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Òbí tó ń san owó ilé-ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí owó òun ń rà. Àmọ́ iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí. Ó ní àwọn àgbà tó là á sílẹ̀, ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ó sì ní àǹfààní tí ìlú kò lè rí lọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Ọlọ́pàá ń wá ẹni tó jalè. Adájọ́ ń dá a lẹ́bi tàbí kó dá a láre. Oníròyìn ń kéde rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ ìṣèlú ń wá yàtọ̀: ibo ni ògiri ti lanu tí alángbá fi ń ráyè wọlé, bí a tilẹ̀ ti lé ti àná jáde?

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń kànìyàn fún ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 1,277,714 ló ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní 2,047,026 ni wọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ju 769,000 lọ. Odidi ìlú ńlá kan nìyẹn. Iye ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò láti fi pín owó láti Àbújá. Kí a tó béèrè pé ta ló jẹ owó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé èló ló tọ́ sí wa, àti pé ta ló kà wá.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ káńsù. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin ọdún 1999 mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2003, ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinubu dá 37 mìíràn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di 57. Alímọ̀ṣọ́ wá pín sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ/Ìdímù, Ìkòtún/Ìgándò àti Mọ́sán/Òkunọlá. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò gbà, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró. Ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Ìgbà tí Umaru Yar'Adua gorí àlééfà ní ọdún 2007 ni owó náà tó jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà tún pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Orúkọ kan ṣoṣo ni Alímọ̀ṣọ́ ní nínú ìwé òfin, ọ́fíìsì mẹ́fà ló sì wà nílẹ̀. Báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n pín in? Ta ló ń ṣe àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín in? Ibo ni ẹni tó ń gbé ní Ìgándò ti lè ka àkọsílẹ̀ náà? A kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ìbéèrè wọ̀nyí. Ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì fi ọdún mẹ́ta dáhùn wọn dáadáa ti lè gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn tó la ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ káńsù àti owó ìlú ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Adégòkè Adélabú, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, di alága káńsù Ìbàdàn ní ọdún 1954. Kò pẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nicholson, láti yẹ ìwé káńsù náà wò. Àbọ̀ ìwádìí náà kò dára fún Adélabú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń bá a ṣọ̀tá ló ń ṣe ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀ nítorí àbọ̀ náà. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní ọdún 1958. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ méjì, Kenneth Post àti George Jenkins, tẹ ìwé jáde lórí ayé rẹ̀, wọ́n sì pe àkọlé rẹ̀ ní *The Price of Liberty*.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀sùn jẹ́ òtítọ́, kí ó sì tún jẹ́ pé ìkórìíra ló mú kí wọ́n fi kan ènìyàn. Olóṣèlú á mú èyí tó bá tirẹ̀ mu nínú méjèèjì, á sì gbé èkejì pamọ́. Onímọ̀ ní láti gbé méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má jẹ́ kí ọ̀kan já bọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh wá, ọmọ Urhobo tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1975, ó kọ ìwé kan nípa ohun tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa. Ó ní gbangba méjì ni ọmọ Áfíríkà tó kàwé ń gbé. Gbangba kan ni ti ìlú ẹni àti ẹbí ẹni, níbi tí ojú ti ń tini. Gbangba kejì ni ti ìjọba tí amúnisìn gbé kalẹ̀, tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, tí a ti lè mú láìsí ìtìjú. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Alímọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Àìkú kì í lọ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan má ṣe ìpàdé. Akápò tó bá fọwọ́ kan owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ dé ìlú baba rẹ̀. Ẹni tó bá sì kó owó ìjọba, tó wá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú, oyè ló ń lọ jẹ. Àwa náà la máa ń wí pé a kì í ṣe iṣẹ́ ọba kí á làágùn. Ekeh kò fi àlàyé yìí gbèjà olè. Ó fi hàn wá pé ènìyàn kan náà lè jẹ́ olóòótọ́ ní alẹ́, kí ó sì jẹ́ ọ̀jẹ̀lú ní ọ̀sán.

Richard Joseph náà kọ́ni ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1976 sí 1979. Ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú ìgbà Ṣàgàrí, tó jáde ní ọdún 1987, ṣàlàyé pé ní Nàìjíríà, ipò ìjọba ti di ìpín tí ẹni tó wà níbẹ̀ fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Òwe tí a fi ń gba òṣìṣẹ́ níyànjú, pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ, ni àwọn kan wá sọ di òfin ìjọba.

Nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Wálé Adébánwí. Iṣẹ́ ìròyìn ló kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó sì ṣe oníròyìn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní Ìbàdàn, ó tún gba òmíràn ní Cambridge. Ní ọdún 2012, ó tẹ *Authority Stealing* jáde, àkọlé tó yá láti inú orin Fẹlá. Ogun tí àjọ EFCC bá àjẹbánu jà ní ayé Nuhu Ribadu, àti bí òṣèlú ṣe wọ ogun náà, ni ìwé náà dá lé. Ní ọdún 2017, òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ Rhodes Professor ní Oxford.

Níbo ni ìpàrọwà parí sí, níbo ni rìbá ti bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ bá alága káńsù ló lọ fún un ní owó ẹ̀yìn. Ìyálọ́jà tó lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má wó ìsọ̀, ẹgbẹ́ onílé tó kọ̀wé nítorí gọ́tà tó dí, ẹgbẹ́ awakọ̀ tó fẹ́ ibùdókọ̀: gbogbo wọn ló ń pàrọwà fún aláṣẹ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí ẹnìkan wọlé gba ẹ̀yìnkùlé, kí ó gbé àpòòwé sílẹ̀, kí òfin sì yí padà láìjẹ́ pé ará ìlú mọ ẹni tó yí i. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Aláṣẹ tó ti jẹ ẹ́ kò tún lójú tí yóò fi wo ẹni tó fún un.

Orílẹ̀-èdè Ireland ti la irú èyí kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀, bí ó ṣe sábà máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1997, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan dìde lórí bí àwọn káńsẹ́lọ̀ ṣe ń sọ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ìkọ́lé lẹ́bàá Dublin. Ní ọdún 2000, Frank Dunlop, ẹni tó ń fi pípàrọwà fún olóṣèlú ṣiṣẹ́ jẹ, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ náà pé òun fún àwọn káńsẹ́lọ̀ lówó. Ọdún 2009 ni ó tó wẹ̀wọ̀n. Ọdún 2012 ni àbọ̀ ìkẹyìn jáde, ó sì sọ pé àjẹbánu ti ta gbòǹgbò nínú ìṣèlú orílẹ̀-èdè náà.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ máa pàrọwà fún aláṣẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì kọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí wọ́n sọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, sínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ aláṣẹ. Ohun tó ní ni pé kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ẹ fojú inú wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí oko àná ti di ojúlé òní: ta ló lọ bá ta ni, ní ọjọ́ wo, nítorí ilẹ̀ wo?

Ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè òbí nìyí. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí Ìgándò, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Akọka, Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì yóò gba oyè kejì, yóò gba ti ọ̀mọ̀wé, yóò sì máa gun àkàbà náà títí dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. A kò ní fi irọ́ tu yín nínú: owó oṣù kò pọ̀, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní ọdún 2022 sì gba oṣù mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n yunifásítì nìkan kọ́ ni ilé iṣẹ́. Àjọ ICPC àti EFCC nílò ẹni tó lè ka ìwé owó kó sì yé e. Ilé ìròyìn nílò wọn. Ní Èkó níbí, Olúṣeun Onígbindé, tó kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná ní Abẹ́òkúta tó sì ti ṣe iṣẹ́ báńkì rí, wà lára àwọn tó dá BudgIT sílẹ̀ ní ọdún 2011. Iṣẹ́ wọn ni láti túmọ̀ ètò ìṣúná ìjọba sí èdè àti àwòrán tí ará ìlú lè lóye.

Irinṣẹ́ kan sì wà tí kò nílò oyè. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin náà kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó kan gbogbo wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ dánra wò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gọ́tà kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ̀. Èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un? Agbáṣẹ́ṣe wo ló gbà á? Èló ló ti gbà, ibo sì ni iṣẹ́ dé? Kí ó kọ ohun tí ìwé sọ, kí ó má fi ohun tí wọ́n ń sọ ní ìdí ọtí kún un, kí ó má sì pe ẹnikẹ́ni ní olè nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò tíì pè é bẹ́ẹ̀. Sùúrù yìí ló ya onímọ̀ sọ́tọ̀ sí aláriwo, òun náà ló sì ń dáàbò bò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sílé-ẹjọ́.

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. A ti mọ bí a ṣe ń lé ẹni tó gbé epo. Nípa ẹni tó dúró nísàlẹ̀ àjà, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìmọ̀ wa kò tíì tó nǹkan. Bí ọmọ kan ní Ìkòtún bá ní òun fẹ́ fi ayé òun wá ojú onítọ̀hún rí, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra fọ́ọ̀mù fún un.